Énsáìmù RuBisCO nínú ọ̀sà Èkó

RuBisCO jẹ́ énsáìmù tí ó ń mú kábọ́nì dáyọ́ksáìdì (CO₂) láti inú afẹ́fẹ́ tàbí láti inú omi, tí ó sì ń so ó mọ́ ṣúgà kan kí ó lè di oúnjẹ. Énsáìmù ni a ń pe pròtéìnì tí ó ń mú kí ìyípadà láàárín àwọn èròjà yá kíákíá nínú ara ohun abẹ̀mí. Orúkọ RuBisCO ní kíkún ni ribulose-1,5-bisphosphate carboxylase/oxygenase. Ó wà nínú gbogbo ewéko aláwọ̀ ewé, nínú álígì, àti nínú ọ̀pọ̀ bakitéríà. Ó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ nínú gbogbo kábọ́nì tí àwọn ohun abẹ̀mí ń sọ di oúnjẹ ní ayé tí ó ń gba ọwọ́ énsáìmù yìí kọjá.

Ní Èkó, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí RuBisCO ti ń ṣiṣẹ́ jù lọ ni omi ọ̀sà tí ó yí Erékùṣù Èkó ká. Láti etí omi Ìsàlẹ̀ Èkó àti Èbúté Èrò títí dé odò Five Cowrie, ẹgbàágbèje ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kò lè rí ni ó gbé énsáìmù yìí sínú. Ohun tí wọ́n bá fi í pèsè ni edé, akàn, ẹpìyà àti bọ́ńgà ń jẹ, yálà ní tààrà tàbí nípasẹ̀ ẹ̀dá mìíràn. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dínkù, àwọ̀n apẹja yóò fúyẹ́. Bí àwọn tí ó ní i bá sì pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ẹja lè kú.

Ìtàn ìwárí rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀

Ní ọdún 1947, Sam Wildman àti James Bonner, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní California ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, rí pròtéìnì kan tí ó pọ̀ lọ́nà àrà nínú ewé ẹ̀fọ́. Wọn kò tíì mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe, nítorí náà wọ́n kàn pè é ní «ìpín kìíní» nínú àwọn pròtéìnì tí wọ́n yọ láti inú ewé náà.

Láàárín àkókò kan náà, Melvin Calvin, Andrew Benson àti James Bassham ní Yunifásítì California ní Berkeley ń lo kábọ́nì onítànṣán láti tọpasẹ̀ ọ̀nà tí CO₂ ń gbà di ṣúgà nínú álígì. Wọ́n rí i pé ohun àkọ́kọ́ tí ó ń jáde ni èròjà kékeré kan tí ó ní átọ̀mù kábọ́nì mẹ́ta. Iṣẹ́ yìí ni ó mú kí Calvin gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́místrì ní ọdún 1961. Ní àwọn ọdún 1950 ni ó hàn gbangba pé pròtéìnì tí Wildman àti Bonner rí gan-an ni énsáìmù tí ń ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ yìí.

Ní ọdún 1971, George Bowes, William Ogren àti Richard Hageman fi hàn pé énsáìmù kan náà tún ń mú ọ́ksíjìn. Orúkọ ìkékúrú tí a ń lò lónìí jáde ní ọdún 1979, nígbà tí David Eisenberg fi ṣe àwàdà níbi ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì Wildman: ó fi orúkọ énsáìmù náà jọ ti Nabisco, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe bísíkíìtì. Àwàdà náà ni gbogbo ayé wá gbà.

Ìrísí rẹ̀

Oríṣi RuBisCO tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni oríṣi I. Òun ni ó wà nínú ewéko, nínú sàyánòbakitéríà àti nínú ọ̀pọ̀ álígì. Ìdipọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà ńlá mẹ́jọ àti ẹ̀yà kékeré mẹ́jọ tí wọ́n so pọ̀, ìwọ̀n gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 550,000 dáltọ̀n, èyí tí ó tóbi púpọ̀ fún énsáìmù. Ara ẹ̀yà ńlá ni ojú iṣẹ́ wà, níbi tí CO₂ àti ṣúgà ti ń pàdé. Kí ojú iṣẹ́ yìí tó lè ṣí, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní mólékùlù CO₂ kan tí ó lẹ̀ mọ́ ọn, pẹ̀lú átọ̀mù magnẹ́síọ̀mù kan.

Oríṣi II kò ní ẹ̀yà kékeré rárá. Ó wà nínú àwọn bakitéríà kan tí ń gbé níbi tí ọ́ksíjìn kò ti pọ̀, àti nínú ọ̀pọ̀ dáínófílájẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn ohun abẹ̀mí onísẹ́ẹ̀lì kan tí ń fi irù bí okùn wẹ̀ nínú omi. Oríṣi III wà nínú àwọn àkíà, ìdílé ohun abẹ̀mí àìfojúrí tí ó yàtọ̀ sí bakitéríà.

Nínú ewé, RuBisCO lè tó ìdajì gbogbo pròtéìnì tí ó yọ́ mọ́ omi ara ewé. Ìṣirò kan tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní ọdún 2019 sọ pé gbogbo RuBisCO tí ó wà láyé wọn nǹkan bí 700 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ṣúgà tí RuBisCO ń lò ni ribulose-1,5-bisphosphate, tí a ń ké kúrú sí RuBP. Átọ̀mù kábọ́nì márùn-ún ni ó ní. Énsáìmù náà yóò so CO₂ kan mọ́ ọn, yóò di kábọ́nì mẹ́fà, lójú ẹsẹ̀ ni yóò sì pín sí méjì ọgbọọgba, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kábọ́nì mẹ́ta. Báyìí ni kábọ́nì tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ lásán ṣe ń wọ inú ara ohun abẹ̀mí.

Lẹ́yìn èyí, sẹ́ẹ̀lì yóò lo agbára tí ó ti gbà láti inú ìmọ́lẹ̀ oòrùn láti sọ àwọn èròjà oníkábọ́nì mẹ́ta náà di ṣúgà kéékèèké. Bí énsáìmù náà bá mú CO₂ mẹ́ta, ṣúgà kékeré mẹ́fà ni yóò jáde. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kì í ná gbogbo rẹ̀. Márùn-ún nínú mẹ́fà ni ó gbọ́dọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ láti di RuBP mẹ́ta mìíràn. Ẹyọ kan ṣoṣo ni èrè. Ó dà bí oníṣòwò ní Ìdúmọ̀tà tí ó mọ̀ pé bí òun bá jẹ owó òwò mọ́ èrè, ìsọ̀ yóò ṣófo lọ́la. Ẹyọ kan tí ó ṣẹ́kù yìí ni ó ń di síṣàájì, ọ̀rá, pròtéìnì àti gbogbo ohun tí ara fi ń dàgbà. Ìyípoyípo yìí ni a ń pè ní ìyípo Calvin, tàbí ìyípo Calvin-Benson-Bassham.

Àléébù méjì tí ó ní

Àléébù àkọ́kọ́ ni pé RuBisCO lọ́ra. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ kì í mú ju CO₂ mẹ́ta sí mẹ́wàá lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí àwọn énsáìmù mìíràn wà tí wọ́n lè ṣe ìyípadà tó mílíọ̀nù kan láàárín àkókò kan náà. Ìdí nìyí tí sẹ́ẹ̀lì fi ń pèsè rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀: ohun tí ẹyọ kan kò lè ṣe kíákíá ni ọ̀pọ̀ ń pawọ́ pọ̀ ṣe.

Èkejì ni pé kò fi gbogbo ìgbà mọ ìyàtọ̀ láàárín CO₂ àti ọ́ksíjìn. Bí ó bá ṣèèṣì mú ọ́ksíjìn, èròjà tí kò wúlò ni yóò jáde, sẹ́ẹ̀lì yóò sì ná agbára láti tún un ṣe, CO₂ díẹ̀ yóò sì sọnù padà. Nínú ọ̀pọ̀ ewéko, àṣìṣe yìí lè ṣẹlẹ̀ nínú nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́rin. Bí ooru bá ti ń pọ̀ sí i ni àṣìṣe náà ń pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ yìí sì kan omi tí ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí dé òpin ọdún bíi ti Èkó.

Ohun tí ó fa àléébù kejì yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtàn. RuBisCO ti wà kí ọ́ksíjìn tó pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ayé. Nígbà náà, kò sí ohun tí ó lè ṣì mú. Àwọn sàyánòbakitéríà tí ń lò ó ni wọ́n ń tú ọ́ksíjìn jáde, títí tí ọ́ksíjìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kún afẹ́fẹ́ ní nǹkan bí bílíọ̀nù ọdún 2.4 sẹ́yìn. Lónìí, ọ́ksíjìn kó nǹkan bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́, CO₂ kò sì tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí ń lo énsáìmù náà ni ó wá sọ iṣẹ́ rẹ̀ di ohun tí ó nira.

Ọgbọ́n tí àwọn ohun abẹ̀mí àìfojúrí ń dá

Sàyánòbakitéríà kò tún énsáìmù náà ṣe tán pátápátá. Ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n tún ṣe. Nínú sẹ́ẹ̀lì wọn, wọ́n kó RuBisCO sínú yàrá kéékèèké tí a ń pè ní carboxysome, tí èèpo pròtéìnì bò yí ká. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú kábọ́nì tí ó yọ́ sínú omi wà bíi báíkábónéètì. Sẹ́ẹ̀lì a máa fa báíkábónéètì yìí wọlé láti inú omi, yóò sì wọ inú yàrá náà. Níbẹ̀ ni énsáìmù mìíràn, carbonic anhydrase, yóò ti sọ ọ́ padà di CO₂ ní ẹ̀gbẹ́ RuBisCO gan-an. Èèpo yàrá náà kì í jẹ́ kí CO₂ tètè sá jáde. Báyìí, CO₂ yóò pọ̀ yí énsáìmù náà ká, ọ́ksíjìn kò sì ní rí ààyè. Ní ọdún 1973 ni Jessup Shively àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ carboxysome jáde láti inú bakitéríà kan, tí wọ́n sì fi hàn pé RuBisCO ni ó kún inú rẹ̀.

Dáyátọ̀mù, ìyẹn álígì onísẹ́ẹ̀lì kan tí ó ní ìkarahun bíi gíláàsì, ní ọgbọ́n tí ó fara jọ èyí. Wọ́n ń kó RuBisCO tiwọn jọ sójú kan tí a ń pè ní pyrenoid. Nítorí irú ọgbọ́n báyìí, àwọn ohun abẹ̀mí inú omi ń ṣe nǹkan bí ìdajì gbogbo iṣẹ́ ìsọkábọ́nì-doúnjẹ ní ayé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n ara wọn kéré gan-an sí ti igi àti koríko orí ilẹ̀.

RuBisCO nínú ọ̀sà Èkó

Ọ̀sà Èkó fẹ̀ tó nǹkan bí 208 kìlómítà onígun mẹ́rin, ṣùgbọ́n kò jìn: ní ọ̀pọ̀ ibi, jíjìn rẹ̀ kò ju mítà méjì lọ, àyàfi ojú ọ̀nà ọkọ̀ òkun tí a ti gbẹ́. Ẹnu ọ̀nà kan ni ó so ó pọ̀ mọ́ Òkun Àtìláńtíìkì, ìyẹn ojú omi tí a ń pè ní Commodore, ní ẹ̀gbẹ́ Erékùṣù Èkó. Nítorí náà, omi tí ń kọjá lẹ́bàá erékùṣù náà jẹ́ àdàpọ̀ omi odò àti omi òkun, ìgbà ọdún ni ó sì ń pinnu èyí tí yóò borí.

Ní ìgbà òjò, omi odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn máa ń ya wọlé, iyọ̀ inú ọ̀sà a sì lọ sílẹ̀ títí tí omi yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi tútù. Àwọ̀ rẹ̀ a pọ́n bí ẹrẹ̀, ìmọ́lẹ̀ oòrùn kì í sì í lè wọlé jìnnà. Láìsí ìmọ́lẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kò ní agbára láti tún RuBP ṣe, RuBisCO yóò sì jókòó láìríṣẹ́ bí CO₂ tilẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a padà wọlé, omi a mọ́ sí i, àwọn ohun abẹ̀mí àìfojúrí a sì pọ̀ sí i.

Àwọn tí ń lo RuBisCO náà ń yípadà pẹ̀lú ìgbà. Dáyátọ̀mù ni ó sábà máa ń pọ̀ jù lọ. Nígbà tí omi odò bá borí, irú bíi Aulacoseira granulata a wọ́pọ̀, sàyánòbakitéríà Microcystis aeruginosa náà a sì máa fara hàn. Nígbà tí omi iyọ̀ bá borí, àwọn irú ti òkun ni yóò gbapò wọn. Lára wọn ni Trichodesmium, sàyánòbakitéríà tí a ti rí nínú omi òkun etí Èkó.

Ìmọ̀ nípa wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1958, N. Ingram Hendey tẹ ìwádìí kan jáde nípa dáyátọ̀mù inú omi èbúté Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èbúté Èkó sì wà lára wọn. Láti àwọn ọdún 1980, D. I. Nwankwo àti àwọn onímọ̀ mìíràn ní Yunifásítì Èkó, tí ọgbà rẹ̀ ní Akọ́ka wà létí ọ̀sà náà gan-an, ti ṣe àkójọ orúkọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ álígì àti sàyánòbakitéríà inú rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ nípa òkun àti ẹja, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, náà wà ní Victoria Island, ní òdìkejì odò Five Cowrie.

Láti ọ̀dọ̀ énsáìmù dé inú àwọ̀n

Bọ́ńgà jẹ́ ẹja tí ó ń sẹ́ àwọn ohun abẹ̀mí àìfojúrí láti inú omi pẹ̀lú ìjàgbọ̀n rẹ̀. Láàárín RuBisCO àti bọ́ńgà tí a yan lórí ààrò, ìgbésẹ̀ kan tàbí méjì péré ni ó wà. Ẹpìyà náà ń jẹ álígì tí ó lẹ̀ mọ́ igi àti òkúta.

Àwọn apẹja ti ń lo ìmọ̀ yìí tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ orúkọ énsáìmù náà. Nínú ọ̀sà Èkó, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú ọ̀sà Nokoué ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n máa ń ri ẹ̀ka igi mọ́ ilẹ̀ omi, wọn a sì fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń pe ọ̀nà yìí ní acadja, orúkọ tí ó ti Benin wá. Álígì àti sàyánòbakitéríà yóò hù bo àwọn ẹ̀ka náà, ẹja yóò wá jẹ, yóò sì rí ibi sá pamọ́ sí. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi àwọ̀n yí i ká. Ohun tí ẹ̀ka igi náà ń ṣe gan-an ni pé ó ń gbé RuBisCO súnmọ́ ojú omi, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Nígbà tí ó bá pọ̀ jù

RuBisCO nìkan kò lè mú kí sẹ́ẹ̀lì dàgbà. Sẹ́ẹ̀lì tún nílò náítrójìn àti fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì, àìtó àwọn méjèèjì ni ó sì sábà máa ń dá a dúró nínú omi tí ó mọ́. Omi ìdọ̀tí ilé, omi ṣáláńgá àti omi gọ́tà láti ìlú ńlá kún fún àwọn èròjà méjèèjì yìí. Bí wọ́n bá ṣàn sínú ọ̀sà láìjẹ́ pé a tọ́jú wọn, ìdènà ti kúrò nìyẹn. Bí omi bá dákẹ́, tí oòrùn sì mú, sàyánòbakitéríà lè pọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ títí tí ojú omi yóò fi di àwọ̀ ewé.

Ní ọ̀sán, wọn yóò máa tú ọ́ksíjìn jáde. Ṣùgbọ́n ní òru, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kò sí, RuBisCO dáwọ́ dúró, gbogbo sẹ́ẹ̀lì náà yóò sì máa mí ọ́ksíjìn bí ẹja ti ń mí in. Nígbà tí wọ́n bá kú, àwọn bakitéríà tí ń jẹ òkú wọn yóò tún lo ọ́ksíjìn sí i. Ìdí nìyí tí ẹja fi lè kú ní àfẹ̀mọ́júmọ́ nínú omi tí ó dà bí ẹni pé ó kún fún oúnjẹ. Microcystis tún lè pèsè májèlé kan, microcystin, tí ń ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn àti ẹran jẹ́. Fún ìdí yìí, kò yẹ kí a mu omi tí ó ti di àwọ̀ ewé báyìí tàbí kí a fi dáná, nítorí pé bíbọ̀ rẹ̀ lórí iná kì í pa májèlé náà.

Ohun tí ń ṣíji bo omi ń ṣe òdìkejì. Ẹrẹ̀, òdòdó omi tí ń léfòó, àti ìyẹ̀fun pákó láti ibi ìlagi ń dí ìmọ́lẹ̀, wọ́n sì ń jẹ ọ́ksíjìn bí wọ́n ti ń jẹrà.

Ṣé ó lè kó èéfín Èkó?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn lè rò pé bí CO₂ láti inú jẹnẹrétọ̀ àti ọkọ̀ ti ń pọ̀ sí i, RuBisCO inú ọ̀sà yóò kàn máa kó o. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀sà, ìmọ́lẹ̀ àti èròjà ìdàgbà ni ó sábà ń dín iṣẹ́ rẹ̀ kù, kì í ṣe àìtó CO₂. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú kábọ́nì tí ó mú ni ó ń padà sínú omi àti afẹ́fẹ́ láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nígbà tí wọ́n bá jẹ sẹ́ẹ̀lì náà tàbí tí ó bá jẹrà. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí ẹrẹ̀ bò mọ́lẹ̀ nìkan ni ó ń pẹ́. Oúnjẹ ni RuBisCO ń pèsè fún ọ̀sà. Kì í ṣe agbálẹ̀ tí ń gbá èéfín ìlú.

Àwọn ọ̀nà mìíràn

RuBisCO kọ́ ni ọ̀nà kan ṣoṣo. Àwọn onímọ̀ ti mọ ọ̀nà mélòó kan yàtọ̀ sí ìyípo Calvin. Nínú ẹrẹ̀ dúdú ìsàlẹ̀ omi tí kò ní ọ́ksíjìn, àwọn ohun abẹ̀mí àìfojúrí tí ń pèsè gáàsì mẹ́tẹ́ẹ̀nì ń lo ọ̀nà Wood-Ljungdahl, tí kò ní RuBisCO nínú rárá. Ọ̀nà yìí kò ná agbára tó ti Calvin, ṣùgbọ́n ọ́ksíjìn ń ba àwọn énsáìmù inú rẹ̀ jẹ́.

Ìwádìí òde òní

Gbágùúdá, ìrẹsì, iṣu àti ẹ̀wà wà lára àwọn ohun ọ̀gbìn tí RuBisCO wọn ń ṣe àṣìṣe ọ́ksíjìn láìní ìdáàbòbò. Àgbàdo àti ìrèké ní ọ̀nà tiwọn láti kó CO₂ jọ yí i ká. Fún èyí, àwọn onímọ̀ ń wo ọgbọ́n sàyánòbakitéríà. Ní ọdún 2014, àwọn kan gbé RuBisCO sàyánòbakitéríà sínú ewé tábà. Ewé náà hù, ṣùgbọ́n níbi tí CO₂ ti pọ̀ nìkan, nítorí pé yàrá tí ó yẹ kí énsáìmù náà wà kò bá a wá ní pípé. Ní ọdún 2019, àwọn mìíràn ṣí ọ̀nà àbùjá fún èròjà tí àṣìṣe ọ́ksíjìn ń fà, tábà wọn sì dàgbà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ní nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún kan náà, àwọn onímọ̀ ní Ísírẹ́lì mú kí bakitéríà E. coli, tí ó máa ń gbé inú ìfun, fi RuBisCO kọ́ gbogbo ara rẹ̀ láti inú CO₂.

Títí di ìsinsìnyí, kò tíì sí énsáìmù tí ó gba ipò rẹ̀. Kábọ́nì tí ó wà nínú edé tí a ń tà ní Èbúté Èrò ti kọ́kọ́ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, díẹ̀díẹ̀, nínú sẹ́ẹ̀lì tí kò sẹ́ni tí ó rí i.